Agbẹjọ́rò-Ẹja àti Páìpù Abẹ́ Títì

Ọjọ́ tí Agbẹjọ́rò-Ẹja gbé àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ ni wọ́n ṣì ń sọ dòní. Àtẹ̀gùn onípákó ni, òun ni ọ̀gá ẹnjiníà ń gùn wọlé láràárọ̀. Ọ̀gá dé, ó rí i pé ẹnu ọ̀nà ga dé òun láyà. Bàbá tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn jókòó lé àtẹ̀gùn lábẹ́ igi, ó ń wò ó.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé?"

"Ẹ fò, sà. Ṣebí ohun tí ẹ ní kí ẹja ṣe nìyẹn."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ kó wá bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ìyá gbọ́ tọ̀tún-tòsì, ó wá kọjú sí ọ̀gá. "Ẹja yẹn, ṣé ó ti wá fò?"

Iṣẹ́ bàbá ni láti yẹ àwọn páìpù tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì wò, bóyá ẹja lè gba ibẹ̀. Páìpù odò ẹ̀yìn ilé wọn ló ń bí i nínú jù. Ẹnu rẹ̀ fi ìwọ̀n orúnkún kan ga ju ojú omi lọ, omi inú rẹ̀ sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹja tó fẹ́ lọ yé ẹyin lókè odò á kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á máa forí gbá sìmẹ́ǹtì. Ó kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ọ̀gá. Èsì kan ṣoṣo ló gbà: "Ẹja á fò."

Lọ́jọ́ tí òun àti ìyá ń lọ kí ọmọ tuntun, ó yà sínú páìpù náà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà páìpù. "Bàbá wọn, aṣọ funfun lẹ wọ̀ o."

Ohùn dáhùn láti inú òkùnkùn: "Èmi mọ̀. Omi ni kò mọ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kì í jẹ ẹja o. Ó ń jẹ ẹ́ torí-torí. Ó ní, "Kí wọ́n pa á, kò burú. Kí wọ́n má ṣáà tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú."

Àyà ríro ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá wá sọ fún ìyá pé àwọn ti yọ páìpù náà, àwọn ti ri èyí tó fẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ odò, àwọn sì to òkúta sínú rẹ̀.

Inú bí ìyá. "Nígbà tó wà láàyè, etí yín di. Ṣé òkú ló mọ ìwé kọ jù?"

Ọ̀gá dorí kodò. "Ẹ má bínú, mà. Ìwọ̀n tó fi sílẹ̀ la fi ṣe é. Kò sí ibi tó ti ṣì í."

Nígbà tí àlejò lọ, ìyá sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ẹja kékeré kan wọnú páìpù, ó sinmi lẹ́yìn òkúta, ó jurù, ó kọjá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín pa ìyá títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rọra máa lọ," ló wí, bí ẹni ń sin àgbàlagbà sọ́nà.