Àdín Ìyá Àgbà

Bí òórùn sípírítì bá ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ore ló máa ń padà wá bá mi. Àbúrò mi ò lè jẹun, ọsibítù ò sì ní bẹ́ẹ̀dì láyé ìjọba ṣọ́jà yẹn, ni nọ́ọ̀sì bá wá fa omi oúnjẹ sí i lọ́wọ́ nílé. Ó fi sípírítì nu ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀, ó ní, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀ ló pa ọmọ yìí o.”

Bí nọ́ọ̀sì ṣe jáde ni Ìyá Àgbà ti abúlé Ajue dé, ó fẹ́ fi àdín ra ojú abẹ́rẹ́ náà. Mo bọ́ síwájú ibùsùn, mo fi ara bo àbúrò mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!”

“Ìwọ nọ́ọ̀sì aláìwọbàtà, èmi tí mo gbẹ̀bí ẹ! Yà lọ́nà!”

Ó gbá mi lẹ́yìn. N ò yà.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìdọ̀tí tó bá gba ojú abẹ́rẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà wo ojú mi títí, ó mí kanlẹ̀, ó wá fi àdín náà pa mí lẹ́yìn, níbi tó ti gbá mi.