Ọjọ́ Mẹ́rin ní Houston, Lọ́dọ̀ Múfú

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo ń ṣa iṣu rà ní ìsọ̀ Mummy oníṣu lábẹ́ afárá réluwéè ní Rye Lane, ní Peckham nílùú ọba, ni ọkọ̀ ojú irin gba orí wa kọjá. Páànù ìsọ̀ náà gbọ̀n, èmi sì rẹ́rìn-ín. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ariwo yẹn ti ń dùn mọ́ mi. Ọdún náà ni bàbá mi mú mi lọ sí ibùdókọ̀ réluwéè ní Òṣogbo, tí mo rí pátákó dúdú kan tí wọ́n fi ẹfun kọ ìgbà tí ọkọ̀ ń dé àti ìgbà tó ń lọ sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò pé kí ló wà níbẹ̀. Lójú mi, idán ni: èèyàn kọ ọ̀la sílẹ̀ lónìí! Ọjọ́ náà ni ètò ìrìn-àjò wọnú ẹ̀jẹ̀ mi.

Múfú, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ jìyà ètò mi. Mo da àkókò ọkọ̀ kọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi, mo ní ká lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, ká sì padà lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo fún Màmá. Adìẹ ti wà lórí iná, iṣu ti ń hó, mo bá dìde pé àkókò tó. Màmá dúró tọmọ odó tọmọ odó: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ wá fọnná ni?" Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó wá fọnná nílé aládùúgbò kì í jókòó, kí ẹ̀yinná má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àlejò ní tirẹ̀, onílé ló ń yọ̀ǹda rẹ̀. Àwa yọ̀ǹda ara wa, a sáré dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ sì fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Inú òfo ni Múfú fi jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ títí a fi délé: "Ọ̀gá Réluwéè." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ mi lórí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́tà wá títí, ó dáwọ́ dúró. Èṣí ni mo tún rí i láàárín àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí fóònù, ó ti di ará Houston. Orúnkún kò jẹ́ kó lè rìnrìn-àjò jìnnà mọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la kò tíì fojú kanra. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sì fún mi ní Jímọ̀ mọ́ ìsinmi ìjọba ọjọ́ Ajé. Ọ̀sán Túsìdeè, mo ti gbọ́dọ̀ wọ ṣífìtì.

Mo gbé pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò ìrìn-àjò náà. Wákàtí mẹ́wàá lófuurufú, aago wọn sì fi mẹ́fà rẹ̀yìn sí tiwa: bí mo bá gbéra ní mẹ́wàá àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni n óò balẹ̀. Mo fi ilé tí wọ́n ti darí àwọn tó lọ sínú òṣùpá sí i, mo fi ilé ọnà sí i, mo fi ọjà àti hòtẹ́ẹ̀lì sí i. Ni mo bá ṣe àṣìṣe: mo sọ fún Mummy oníṣu pé mo ń lọ, òun náà sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Kó tó di Ọjọ́rú, ẹrù mẹ́fà ti wà ní pálọ̀ mi. Ohun kan náà ni gbogbo àwọn tó gbé e wá ń sọ:

"Uncle, ẹ bá mi mú un dání fún ọmọ mi, kò wúwo rárá."

Ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, ìlú náà sì fẹ̀ débi pé láti ilé kan sí èkejì lè gba wákàtí kan nínú mọ́tò. Nígbà tí mo ṣírò tán, tí mo yọ oorun kúrò, ó ku wákàtí mọ́kàndínlógún fún Múfú. Mo fi ètò náà ránṣẹ́ sí i tìgbéragatìgbéraga.

Ó pè mí, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "O fi mí sáàárín ilé ọnà àti ọjà! Ìlú lo fẹ́ wá wò ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló wá ni hòtẹ́ẹ̀lì tí mo rí níbí? Ìyàwó mi ní bí o bá máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, kó o kúkú jókòó sí Peckham."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ọmọbìnrin mi, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnnì, ní: "Dádì, kí àwọn tó lẹ́rù wá gba ẹrù wọn nílé Uncle Múfú jàre." Mo bá pa ilé ọnà rẹ́, mo pa ọjà rẹ́, mo pa hòtẹ́ẹ̀lì rẹ́. Ilé òṣùpá, Múfú ní a lè jọ lọ bí orúnkún bá gbà. Bí kò bá gbà, ká máa wo òṣùpá láti ẹ̀yìnkùlé òun.

Ọkọ̀ ń bọ̀ lákòókò báyìí, àlejò ló wá di ẹni tí kò ráyè. Nígbà kan, onílé ló ń sọ pé kí àlejò máa lọ. Lónìí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣì fẹ́ kó o jókòó ti òun pẹ́, ìyẹn kò yí padà. Lánàá, mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta, láti ìgbà tí n óò wọlé rẹ̀ ní márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán gangan ọjọ́ Ajé. Mo yọ wákàtí mẹ́fà fún oorun lálaalẹ́. Ti Múfú jẹ́ wákàtí mọ́kàndínláàádọ́ta.