Bátìrì tó wà lábẹ́ abíyá

Bí òtútù bá ti mú ní Blackley, nílùú òyìnbó níbí, àbúrò mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí, pẹ̀lú bátìrì lábẹ́ abíyá. Bátìrì ìbọn eré rẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń yin ọta oníke lu ara wọn nínú igbó lọ́jọ́ Sátidé.

"Àǹtí, a kì í fọwọ́ fa eléyìí! Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, tarara! Òtútù nìkan ni ò bá a lára mu, ni mo ṣe ń fi abíyá mú un gbóná."

Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ, yìnyín bo ilẹ̀. Ìbọn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dákẹ́, tirẹ̀ nìkan ló ń ké! Orí mi wú. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn ọ̀tá: díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ìbọn tiwọn jẹ́ afọwọ́fà. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àbúrò mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn àwọ̀n tí wọ́n ta fún àwa òǹwòran.

Ni àbúrò mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yìnyín: "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Díákónì yíjú padà, wọ́n fa ìbọn wọn lẹ́ẹ̀kan, pá! Ọta bà á lẹ́yìn.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni mo kígbe.

Ó ń gbọn yìnyín nù. "Àǹtí, ṣé kí n wá yìnbọn lu àgbà láì kí wọn ni?"