Ẹsẹ̀ Ọmọ Lórí Òkúta Àtijọ́

Màmá Búrọ́ọ̀ṣì là ń pè é níbi iṣẹ́, torí búrọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń jẹun pàápàá, abíyá ló ń há a sí. Àwọn aláṣẹ fẹ́ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ ńlá síbẹ̀, pẹ̀lú adágún omi láàárín. Kí katakata tó wọlé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò, bóyá ohun àwọn ará àtijọ́ wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ náà lè bà jẹ́. Àwọn géńdé ń gbẹ́lẹ̀, èmi ń jọ yẹ̀pẹ̀ nínú asẹ́, eruku ń sọ mí di arúgbó lọ́sàn-án gangan. Màmá ló ń fọ ohun tá a bá rí kí ọ̀gá wa tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Orí ilẹ̀ yìí gan-an ni ilé Màmá wà kí wọ́n tó wó àdúgbò náà. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tó ń kọ́lé, ó bá òkúta pẹrẹsẹ kan nínú ilẹ̀, ó fi ṣe ibi tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé, ó sì rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e. Sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, fi tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàbá fẹ́ rẹ́ ẹ dọ́gba. Ìyàwó ní, “Bàbá ọmọ, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Láńlọ́ọ̀dù ló wọlé yẹn.”

Ibà pa ọmọ náà lọ́dún yẹn. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, láìsí àmì kankan. Àwọn aládùúgbò ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Agbè ò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ò wọnú rẹ̀ mọ́. Ọkọ náà ti kú báyìí. Wọn ò ya fọ́tò ọmọ náà rí.

Lọ́jọ́ tí àwọn géńdé hú òkúta yẹn jáde, wọ́n gbé e síwájú Màmá pé kó fọ̀ ọ́. Sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò létí rẹ̀, ó ku àárín, ẹsẹ̀ kékeré náà sì wà níbẹ̀, tòun tìka márààrún. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì.

“Ọmọ mi rèé,” ló sọ.

Ọ̀gá dé, ó rí àwọn ìlà gbígbẹ́ létí òkúta, tí wọ́n wọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì lọ. “Ẹ̀yin èèyàn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ rèé! Bí àwọn aláṣẹ bá rí gbogbo ìlà yìí lọ́la, wọ́n á gbé adágún kúrò níbí. Màmá, ẹ bá mi ha sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò.”

Màmá ṣàlàyé fún un. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ọ̀gá, ọdún mélòó ni nǹkan ń lò kó tó di ohun àtijọ́?”

“Ọgọ́rùn-ún ọdún, Màmá.”

“Tèmi ò tíì tó ogójì.”

Inú bí mi. Mo ní, “Kí wọ́n gbẹ́ adágún wọn! Kí ni ará àtijọ́ tá ò mọ̀ rí fi ju ọmọ ẹni lọ?”

“Panu mọ́, àbúrò,” Màmá dá mi lóhùn. “Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, katakata á hú ọmọ mi jáde. Ta ló máa torí sàréè ọmọdé dá wọn dúró?”

Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó ń tì í bọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì náà jẹ́jẹ́, bóyá á ṣí lódindi. Gìgísẹ̀ ṣí. Mo ti ń dúpẹ́. Ó ku díẹ̀ kó kan ìka ni gbogbo rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ sínú bàsíà omi tó fi ń fọ nǹkan. Yéè! Èmi ni mo kígbe. Òun mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ òkúta náà títí ìlà gbogbo fi hàn kedere.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláṣẹ wò ó, wọ́n sì gbà láti sún adágún síbòmíràn. Ọ̀gá ń bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé bàsíà kí n lọ dà á nù, torí iṣẹ́ mi ni. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú.

“Gbé etí kan, kí n gbé èkejì. Ẹ̀yìnkùlé la máa dà á sí, kí ọmọ mi gba ẹsẹ̀ rẹ̀.”

A gbé e lọ. Mo sunkún o, mi ò tijú.