Ìkíni Tí Mo Gé Sọnù

Kí o tó kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kẹ́mta ni òórùn aró ti máa pàdé rẹ. Ó máa ń kan díẹ̀, bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi, tó bá sì yá, imú rẹ á gbà á. Bí mo bá ti ibẹ̀ padà sílé wa ní Adígbẹ, ọkọ mi kì í bi mí pé níbo ni mo lọ, ó kàn máa ń ṣí fèrèsé ni. Màámi Kẹ́mta ni gbogbo wa ń pè é. Aláró gidi ni, irú èyí tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, àmọ́ aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tó jọ àdìrẹ ti fẹ́ gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi ni mo ní ká máa ṣe fídíò. Mo máa ń jókòó sórí àpótí ní àgbàlá rẹ̀, mo á gbé fóònù sókè, òun á máa ṣiṣẹ́, á sì máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ láìkọ́kọ́ kí èèyàn. Háà, ìkíni Màámi! Á kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á kí aboyún, á ṣàdúà fún aláìsàn. Àwọn tó bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò, èmi ni mo máa ń ka orúkọ wọn fún un, á sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó fi ń parí rẹ̀ ni, "Ìwọ ọmọ mi tó wà lókè òkun, o kú òtútù o." Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ tí ọmọ yẹn fẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí ìyá ò pe ọmọ, tí ọmọ ò pe ìyá. Olórí kunkun làwọn méjèèjì. Inú fídíò yẹn nìkan ni Màámi ti ń kí i.

Fídíò wa ń rìn dáadáa nígbà náà. Àwọn oníbàárà ń wá láti Èkó, wọ́n á ní aṣọ tí àwọn rí lórí fóònù làwọn fẹ́. Àfi bí àwọn tó ni ìkànnì tí à ń gbé e sí ṣe yí ìlànà padà lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní fídíò kúkurú tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ làwọn á máa gbé síwájú èèyàn. Kò pẹ́ rárá tí a fi dà bí ẹni tó pàtẹ ọjà sẹ́yìn ilé. Ọkàn mi dàrú. Mo wo iṣẹ́ wa títí, mo wá rí i pé kí Màámi tó fọwọ́ kan aṣọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ. Ni mo bá gé ìkíni kúrò. Mi ò sọ fún un. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn padà dé. Nígbà tí fóònù mi kún, mo pa gbogbo ibi tí mo gé rẹ́. Ṣebí mo ní kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Àwọn aláró ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìtòkú ló tú àṣírí. Màámi gun ọ̀kadà wá bá mi nílé, òun tó kórìíra ọ̀kadà bí nǹkan míì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọ̀nà, mà."

"Wọ́n ní mi ò kí èèyàn mọ́," ló sọ.

"Màámi, ẹ má bínú. Tó bá ti gùn, wọn ò ní í gbé e fún èèyàn wò."

"Àwọn wo?"

Mi ò rí wọn rí, mi ò mọ ilé wọn.

"O ò wá lè sọ fún wọn pé àgbàlagbà ni mí?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní mo máa dá ìkíni padà. Ó ní rárá, ọwọ́ òun ni kí n máa yà, òun ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì ronú kàn án. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ nìkan ni mò ń yà, mo á fi orin bò ó. Àwọn fídíò ọlọ́wọ́ yẹn ló wá rìn jù.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí àdúà ọjọ́ kẹjọ ku ọ̀la, ọmọ rẹ̀ pè mí láti òkè òkun. Ó ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti ń wo gbogbo fídíò wa, tí òun á sì dúró de ibi tí wọ́n ti máa kí òun. "Mo ti ń múra àtipè é. Nígbà tí kò kí mi mọ́, mo ní ó ti yọ mí lọ́mọ nìyẹn."

Mo jẹ́wọ́ fún un pé Màámi ò fò ó rí títí ọjọ́ tó fi ní òun ò sọ̀rọ̀ mọ́, pé èmi ni mo gé e, èmi náà ni mo pa á rẹ́. Ó sunkún, mo sunkún. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. O ṣáà wà níbẹ̀. Sọ ọ́ fún mi, bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo la ẹnu. "O kú òtútù o" nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn èyí tó kẹ́yìn tí mo gé gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdúà wà níbẹ̀, ó tún ń bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí ni? Mo wá a, wá a, mi ò rí i. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bínú sí àwọn tó ni ìkànnì yẹn, mo sì ṣì ń bínú sí wọn. Àmọ́ wọn ò sí ní àgbàlá Màámi. Èmi ni mo jókòó níwájú rẹ̀ nígbà tó ń bẹ ọmọ rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tó ti lọ ni mò ń wò lójú fóònù, mi ò gbọ́ ohun tó sọ.