Èjìká Donato Lábẹ́ Rókò Mímọ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ère Rókò Mímọ́ wúwo. Igi ólífì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tòun ti ajá rẹ̀ tó gbé búrẹ́dì sẹ́nu, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlú wa run. Látìgbà náà, gbogbo oṣù Ògọ́ọ̀sì la máa ń gbé e káàkiri. A ò fi ọkọ̀ gbé e rí. Èjìká ọkùnrin mẹ́jọ ni, bàbá ló sì ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Donato bíríkìlà ló wà níwájú lápá òsì, èmi ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi tí a fi ń gbé ère náà ti jẹ ẹ́ léjìká títí kókó fi yọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í fi hàn. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án! Owó ò lè ra èyí!"

Àmọ́ ogbó dé, Donato ń kúrú. Igi ò kàn án mọ́. Filomena ìyàwó rẹ̀ bá rán tìmùtìmù kékeré sí èjìká ẹ̀wù rẹ̀. Ọdún yípo, ó fi kún un, títí tó fi ga tó odidi búrẹ́dì. Pàbó ni. Àwa yòókù là ń gbé ìpín tirẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un? Kò bímọ, kò nílẹ̀, àyè yẹn nìkan ló fi ń yangàn.

Lọ́dún yìí, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè, okùn bàtà rẹ̀ tú. Ó kígbe pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dì í mú dáadáa o! Mo fẹ́ yọ èjìká, ẹ má jẹ́ kó ṣubú!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so ó. Ère ò tilẹ̀ mì.

Ó gbójú sókè wò mí. "Egidio, látìgbà wo?"

"Bàbá, ẹ padà sábẹ́ igi jàre, ó wúwo."

"Mo ní látìgbà wo?"

Ta ló máa purọ́ lábẹ́ Rókò? "Ó ti pẹ́ díẹ̀, Bàbá."

"Ẹ̀yin aláìnítìjú wọ̀nyí!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ ń gbé èmi náà mọ́ ọn!"

Ó kọ̀, kò padà sábẹ́ igi mọ́. Ó ń dá rìn lọ níwájú wa bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

A dé abẹ́ fèrèsé rẹ̀, níbi tí Filomena ti máa ń da òdòdó sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ó wo abẹ́ igi, kò rí ọkọ rẹ̀. Ló bá figbe ta: "Yéè! Wọ́n ti pa Donato mi o!"

"Ta ló kú?" Donato dá a lóhùn láti iwájú. "Mo wà níbí! Da òdòdó rẹ jàre!"

"Kí lo wá ń ṣe níta?"

Donato gbójú sókè sí fèrèsé. Ó kàn ń wò ó ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, abẹ́ igi ló ti ń kọjá níbẹ̀, tó dorí kodò, òdòdó tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ló sì máa ń rí. Filomena lé tìróò, ó wé gèlè tó wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Ṣé bó o ṣe máa ń múra rèé?"

"Lọ́dọọdún," Filomena ní. "Àbí ta lo rò pé mò ń da òdòdó fún, Rókò ni?"