Ìgò Kantíkantí Kempamma

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Kempamma fi tọ́jú kantíkantí òkè Chamundi ní ilé ìwádìí àbùdá kan ní Mysuru, ní ilẹ̀ Íńdíà. Òun ni ó ń fi ṣúgà ìrèké pupa se sẹ̀mó tí wọ́n ń jẹ, òun náà ni ó sì ń gbọn wọ́n sínú ìgò tuntun ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Inú igbó tí ilé ti gbà tán báyìí ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Seshadri, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ti mú wọn wá. Baba náà kì í fi òfin kan ṣeré: ìgò ìran kòkòrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ papọ̀. Bí kantíkantí kan bá ṣìnà, ìran ti dàrú nìyẹn, ojú lásán kò sì ní mọ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìgò a kọ orúkọ rẹ̀, iye ìgò àti àkókò tí ó lò sínú ìwé.

Ó ku oṣù kan kí ìyá náà fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá tuntun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nanjunda, fi kòkòrò wọ̀nyí fún ẹ̀rọ tí ń ka àbùdá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èsì dé: kantíkantí mìíràn ti dà mọ́ ìran Chamundi láti bí ọdún méjìdínlógún.

“Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́,” ni ó wí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo ìwé ná.”

“Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ẹ ṣì ń wá ìwé!”

“Àbí Màmá ló ṣe alárinà wọn?” ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wí. Ẹ̀rín sọ.

Kempamma gbé ìwé ọdún náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ṣí i sí ọ̀sẹ̀ tí ó lọ sin ọkọ rẹ̀, tí ẹlòmíràn bá a gbọn kòkòrò. Ogójì ìgò, ìran mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì ni iṣẹ́ náà ń gba ẹni tí ó bá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìka sí orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀.

“Nanju,” ni ó pe ọ̀gá náà, bí ó ti ń pè é nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bá a jẹ nínú abọ́ ìrẹsì ọ̀sán rẹ̀. “Báwo lo ṣe ṣe é ní ogún ìṣẹ́jú?”

Nanjunda pa ìwé dé. “Ìwé ilé iṣẹ́ nìyí, Màmá. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa wà. Ẹ lọ kó àwọn ìgò yẹn sí firísà, kí wọ́n kú.”

Ó kó wọn.

Ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, Nanjunda fúnra rẹ̀ ni ó da aṣọ ìborùn ìyẹ́sí lé e léjìká, tí ó gbé àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. “Kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe,” ni ó wí fún àwùjọ. “A ti dárí jì wọ́n.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kempamma kò fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà jẹrà lórí tábìlì ilé rẹ̀. Nígbà tí kantíkantí rọ́ dé, ó dìde, ó ká aṣọ ìborùn náà sọ́wọ́, ó sì ń fi nà wọ́n títí ọwọ́ fi ń ro ó.